Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Akọ̀wé àti Akápò: Windows àti Linux Nínú Kọ̀ǹpútà Kan

Ìtọ́jú tí Microsoft ń ṣe fún Windows 10 dópin ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, 2025. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ó ń lò ó kò tíì di àpatì. A lè fi Linux, tí Linus Torvalds ará Finland bẹ̀rẹ̀ ní 1991, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí a bá ti tan ẹ̀rọ, a ó yan ọ̀kan: Linux fún íntánẹ́ẹ̀tì, Windows fún ìwé owó àtijọ́.

1. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ owó àjẹṣẹ́kù àti ẹ̀yáwó sórí flash. Ẹ ṣí i wò lórí ẹ̀rọ mìíràn, kí ẹ sì fi í pamọ́.

2. Bí BitLocker bá wà lórí dísìkì, ẹ kọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú ìwé, gbogbo fígọ̀ 48, kí ẹ tó pa á.

3. Inú Windows ni kí ẹ ti dín àyè rẹ̀ kù. Ubuntu, tí í ṣe ọ̀kan nínú irú Linux, ń fẹ́ gígábáìtì 25 ó kéré tán.

4. Ẹ fi flash mìíràn tí Ubuntu wà lórí rẹ̀ tan ẹ̀rọ. Ẹ yan ibi tí a kọ “alongside” sí. Bí ẹ bá yan “Erase disk”, Windows àti ìwé ẹgbẹ́ yóò parẹ́.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀rẹ̀ kí ìgbìmọ̀ tó fojú rí ẹ̀dà náà. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

Ìbéèrè fún ìpàdé: Níbo ni ẹ̀dà ìwé owó ẹgbẹ́ yín wà? Ta ni ó ṣí i wò kẹ́yìn?