Áńpílífáyà Onífáàfù àti Àpótí Sípíkà: Bí A Ṣe Ń Yàn Wọ́n Kí Wọ́n Lè Bára Mu

Bí àwọn tí ń ta gìtá bá pàdé, ìbéèrè kan kì í pẹ́ jáde láàrin wọn: "Áńpílífáyà wo ni ó dára jù?" Èmi náà ń ta gìtá, mo sì ti gbọ́ ìbéèrè yìí lọ́pọ̀ ìgbà nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ní tèmi, ìbéèrè náà kò kún tó. Èyí tí ó yẹ kí a máa bi ara wa ni pé: "Áńpílífáyà wo ni ó bá àpótí sípíkà tí mo ní mu?" Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Áńpílífáyà ni ọwọ́ kan, àpótí sípíkà ni ọwọ́ kejì. Ẹgbẹ́ olórin tí ó bá dá owó jọ, tí ó sì ra ọ̀kan láìro ti èkejì, lè ra ohun tí yóò jóná ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé ohun mẹ́rin tí a gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò kí a tó yan áńpílífáyà: ohm, wáàtì, bí sípíkà ṣe ń ké tó, àti irú ohùn tí ó ń fọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyè méjì pé bóyá ni èdè Yorùbá lè gbé irú ẹ̀kọ́ báyìí, kí ó rántí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Bí ọmọdé bá lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì, àwa náà lè fi í sọ̀rọ̀ nípa sípíkà.

Irú ẹ̀rọ wo ni à ń sọ?

Fáàfù jẹ́ ohun tí a fi gíláàsì ṣe, tí ó rí bí gílóòbù iná. Òun ni ó wà nínú rédíò àtijọ́, kí tàǹsísítọ̀ tó gba ipò rẹ̀. Ohùn tí ó ń ti ara gìtá jáde kéré jọjọ. Àwọn fáàfù kéékèèké tí ó wà níwájú ni ó ń kọ́kọ́ sọ ọ́ di ńlá. Àwọn ará Yúróòpù ń pè wọ́n ní ECC83, àwọn ará Amẹ́ríkà sì ń pè wọ́n ní 12AX7. Lẹ́yìn èyí ni àwọn fáàfù ńlá, bí EL34 tàbí 6L6, yóò wá fún un ní agbára tí ó lè mú sípíkà ké.

Bí fáàfù kan bá gbé ohùn fún èkejì ju èyí tí ó lè gbà lọ, ohùn náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ya bí ìgbà tí aṣọ bá ń ya. Àbùkù ni èyí létí onírédíò, ṣùgbọ́n adùn ni létí àwọn olórin rọ́ọ̀kì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Áńpílífáyà tí wọ́n to ọ̀pọ̀ fáàfù sí iwájú rẹ̀ kí ohùn lè ya dáadáa ni mo ń pè ní áńpílífáyà olóhùn-yíya. Lára wọn ni Marshall JCM800 tí ó jáde ní 1981, Mesa/Boogie Dual Rectifier, àti Peavey 5150. Àwọn méjì ìgbẹ̀yìn yìí jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Kí n má baà ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà, irú ẹ̀rọ yìí kọ́ ni ó yẹ jùjú. Gìtá inú orin Ebenezer Obey àti King Sunny Adé ń fẹ́ ohùn tí ó mọ́ gaara, tí kò ya rárá.

Ọ̀rọ̀ ohm

Ohm ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn bí sípíkà ṣe ń dènà iná tí ó fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Èyí tí a sábà máa ń rí lẹ́yìn àpótí ni 4, 8 tàbí 16. Fáàfù ńlá, ní tirẹ̀, ń fẹ́ ìdènà tí ó tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohm. Nítorí náà, àwọn méjèèjì kò lè bára wọn sọ̀rọ̀ láìsí alárinà. Tàǹsífọ́mà tí ó wà láàrin wọn ni alárinà náà. Bí a bá yí bọ́tìnnì ẹ̀yìn áńpílífáyà sí 8, ohun tí à ń sọ fún alárinà yìí ni pé sípíkà oní-ohm 8 ni yóò bá pàdé. Bí a bá wá so 4 tàbí 16 mọ́ ọn, a ti purọ́ fún alárinà. Òfin àkọ́kọ́ nìyí: kí nọ́ńbà áńpílífáyà àti ti àpótí jẹ́ ọ̀kan náà.

Bí àpótí bá jẹ́ méjì tí a so wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ìdènà wọn yóò dínkù sí ìdajì: 16 àti 16 di 8, 8 àti 8 di 4. Bí wọn kò bá dọ́gba, a ó sọ wọ́n di púpọ̀, a ó sì fi àpapọ̀ wọn pín in. Fún àpẹẹrẹ, 16 àti 8: 16 × 8 jẹ́ 128, 128 ÷ 24 jẹ́ 5.33. Kò sí 5.33 lẹ́yìn áńpílífáyà kankan. Yàtọ̀ sí èyí, àpótí oní-ohm 8 yóò gba ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára náà, èkejì yóò sì gba ìdá kan péré. Ẹ má ṣe so irú wọn pọ̀.

Òfin kejì lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ: a kò gbọdọ̀ ta gìtá sínú áńpílífáyà onífáàfù tí a kò so sípíkà mọ́. Agbára tí ó yẹ kí ó jáde kò ní rí ibi gbà, yóò padà sínú tàǹsífọ́mà, fólítéèjì yóò sì ga débi pé iná lè ṣẹ́ láàrin àwọn wáyà inú rẹ̀. Tàǹsífọ́mà tí ó bá jóná báyìí wọ́n gan-an láti pààrọ̀. Wáyà tí a ó fi so wọ́n pọ̀ náà ṣe kókó. Wáyà sípíkà nípọn. Wáyà gìtá tẹ́ẹ́rẹ́, kò lè gbé agbára yìí.

Ọ̀rọ̀ wáàtì

Wáàtì ara sípíkà ni ìwọ̀n ẹrù tí ó lè rù. Ìtàn Jim Marshall yóò jẹ́ kí èyí yé wa. Onílù ni ọkùnrin yìí, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Hanwell ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1962, òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣe áńpílífáyà JTM45. Fender Bassman ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n wò ṣe é. Sípíkà Celestion oní-ínǹsì 12 tí ó wà nígbà náà kò lè gbà ju nǹkan bí wáàtì 20 lọ. Nítorí náà, mẹ́rin ni wọ́n kó sínú àpótí kan. Nígbà tí áńpílífáyà oníwáàtì 100 dé ní 1965, àpótí kan tí ó ní sípíkà oníwáàtì 20 mẹ́rin kò lè ru ju 80 lọ. Àpótí méjì tí wọ́n gbé lé ara wọn lè ru 160. Àwọn tí ó rí wọn lórí ìtàgé rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni, ṣùgbọ́n ìṣirò wà nídìí rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fi ọkàn sí ni pé wáàtì 100 tí wọ́n kọ sára áńpílífáyà jẹ́ ti ìgbà tí ohùn mọ́. Bí ohùn bá ń ya gan-an tí a sì ṣí fọ́lúùmù dé òpin, agbára tí ń jáde lè kọjá 100 dáadáa. Nítorí náà, kí wáàtì àpótí jẹ́ ìlọ́po kan ààbọ̀ tàbí ìlọ́po méjì ti áńpílífáyà. Sípíkà Celestion Greenback jẹ́ wáàtì 25. Mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 100. Kò ní ààyè fún áńpílífáyà oníwáàtì 100, ṣùgbọ́n ó bá oníwáàtì 50 mu rẹ́gí. Vintage 30 jẹ́ wáàtì 60, láìka orúkọ rẹ̀ sí. Mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 240. G12T-75 jẹ́ wáàtì 75. Mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 300.

Bí sípíkà ṣe ń ké tó

Bí a bá fún sípíkà méjì ní wáàtì kan náà, wọn kì í sábà ké dọ́gba. Dẹ́síbẹ̀lì, tí a ń kọ báyìí: dB, ni a fi ń wọn èyí. Bí a bá fún Vintage 30 ní wáàtì 1, tí a sì dúró ní mítà 1 síwájú rẹ̀, yóò ké tó nǹkan bí dB 100, Greenback, 98, G12T-75, 97. Ìyàtọ̀ 3 lè dà bí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n kí áńpílífáyà tó lè fi dB 3 kún igbe rẹ̀, wáàtì rẹ̀ ní láti di ìlọ́po méjì. Èyí ni pé wáàtì 50 nínú Vintage 30 ń ké tó wáàtì 100 nínú G12T-75. Ẹni tí ó bá ń wá igbe, kí ó yẹ sípíkà wò kí ó tó lọ ra áńpílífáyà ńlá. Kí ó sì ṣọ́ etí rẹ̀: wáàtì 50 nínú Vintage 30 kan ṣoṣo jẹ́ dB 117, irú igbe bẹ́ẹ̀ sì ń ba etí jẹ́ kíákíá.

Irú ohùn tí ó ń fọ̀

Àwa tí a mọ ìlù mọ̀ pé awọ kan náà kì í dún bákan náà lórí igi méjì. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn áńpílífáyà ṣe ń yí padà bí a bá pààrọ̀ àpótí. Sípíkà gìtá kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ohùn tí ó bá ga ju nǹkan bí 5,000 Hz lọ. Oore ni èyí, nítorí pé ohùn tí ó ń ya kún fún ariwo ṣíoṣío lókè. Sípíkà ni ó ń sẹ́ ẹ dànù.

Greenback ní ohùn àárín tí ó nípọn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì rọ̀. Vintage 30 ń gbé àárín òkè yọ ketekete. G12T-75 ní tirẹ̀ dín àárín kù. Ìsàlẹ̀ àti òkè ni ó ń fi hàn. Ìlànà tí mo ń tẹ̀lé ni pé kí ọ̀kan dí àlàfo èkejì. Bí òkè áńpílífáyà bá mú ṣáṣá, tí a tún fi Vintage 30 kún un, ó lè máa gún etí. Bí áńpílífáyà bá wúwo nísàlẹ̀, Vintage 30 yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gìtá yé ni láàrin ìlù àti báàsì.

Ẹ̀yìn àpótí náà ṣe pàtàkì. Àpótí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí máa ń tú ohùn ká, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í sì í le. Èyí tí wọ́n dí lẹ́yìn pátápátá máa ń mú kí ìsàlẹ̀ dúró ṣinṣin. Fún ohùn yíya, èyí tí a dí ni ó dára jù.

Àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹgbẹ́ kan ní àpótí tí ó ní Vintage 30 méjì, ohm 8, wáàtì 120. Wọ́n fi Marshall JCM800 oníwáàtì 50 àti Peavey 5150 oníwáàtì 120 lọ̀ wọ́n. Èwo ni kí wọ́n mú?

Ní ti ohm, méjèèjì ṣeé yí sí 8. Ní ti wáàtì, 120 ju ìlọ́po méjì 50 lọ, ọkàn lè balẹ̀. Ṣùgbọ́n 120 sí 120 kò ní ààyè rárá. Ní ti igbe, ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wáàtì 50 àti 120 kò tó dB 4. Nítorí náà, bí Marshall bá tẹ́ wọn lọ́rùn ní ti ohùn, òun ni kí wọ́n mú, kí wọ́n sì dín òkè rẹ̀ kù díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé yíya tí ó le ju ti Marshall lọ ni wọ́n ń fẹ́, kí wọ́n mú Peavey. Àwọn fáàfù iwájú ni ó ń ya ohùn níbẹ̀, kò dìgbà tí a bá ṣí fọ́lúùmù dé òpin. Nígbà tí owó bá dé, kí wọ́n ra irú àpótí náà kejì: ohm yóò di 4, wáàtì yóò sì di 240.

Iná ilé wa

Ohun kan kù tí ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà kì í sọ fún wa. Fólítéèjì tiwọn jẹ́ 120. Ti Nàìjíríà jẹ́ 230. Áńpílífáyà tí wọ́n bá ti ibẹ̀ gbé wá gbọ́dọ̀ ní tàǹsífọ́mà tí yóò dín iná kù, tàǹsífọ́mà náà kò sì gbọdọ̀ kéré. Áńpílífáyà tí ń gbé wáàtì 100 jáde lè máa fa 300 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ara ògiri. Bákan náà, kí ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe oníṣẹ́ má ṣe ṣí inú rẹ̀. Iná tí ó wà níbẹ̀ lè ju fólítì 400 lọ, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ kúrò lára iná. Ó lè pa ènìyàn.

Ìparí

Kí a tó mú owó jáde, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yí àpótí padà, kí a ka ohm àti wáàtì tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí a wo orúkọ sípíkà inú rẹ̀, kí a sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ìwé yẹn ni kí a mú lọ bá ẹni tí ń ta áńpílífáyà. Bí ó bá ní "Èyí ni ó tóbi jù," kí a bi í ní ohm rẹ̀. Abéèrè kì í ṣìnà. Mo lérò pé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ olórin ọgbà wa bá tún dá owó jọ, a ó ní Yorùbá tí a ó fi ṣe ìṣirò rẹ̀ kí owó náà tó kúrò lọ́wọ́ wa.