Ìyá Tí Kò Bí Wa

Ẹ̀kọ́ tòní kan ẹ̀yin ìyá jù, ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin bàbá náà gbọ́ ọ.

Nílé, a kì í ka ìyá ní ẹyọ kan. Ìyàwó bàbá ẹni, ẹ̀gbọ́n ìyá ẹni, ìyá ni gbogbo wọn. Níhìn-ín ní Port Harcourt, ẹbí jìnnà, aládùúgbò ló di ẹbí. Ìyá ọmọ á lọ ná ọjà Mile 3, á fi ọmọ ọwọ́ sílẹ̀ fún ìyàwó Yorùbá mìíràn tí wọ́n jọ ń gbé ní Diobu. Bí ọmọ bá ké, ìyẹn á fún un lọ́mú. Àánú ni, Ọlọ́hun yóò sì san án lẹ́san. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé ọmú yẹn ti sọ ọ́ di ìyá, kì í ṣe ìyá ẹnu lásán.

Nínú Suratu An-Nisai, ayah 23, níbi tí Ọlọ́hun ti ka àwọn obìnrin tí ọkùnrin kò gbọdọ̀ fẹ́, Ó ka ìyá tó fúnni lọ́mú mọ́ wọn, àti ẹni tí a jọ mu ọmú kan náà. Nínú ìlànà Màlíkì, tí púpọ̀ nínú àwọn àlùfáà wa ń tẹ̀lé, bí ọmọ kò bá tíì kọjá ọdún 2, ẹ̀ẹ̀kan péré tí wàrà náà bá wọ inú rẹ̀ ti tó. Ìmáàmù Shafi'i ní ó di ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Obìnrin náà di ìyá rẹ̀, ọkọ obìnrin náà di bàbá rẹ̀, gbogbo ọmọ wọn di ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀. Kò sí ogún nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n yìgì kò lè so láàárín wọn. (Àbúrò ọmọ náà tí kò mu níbẹ̀ kò sí nínú òfin yìí o.)

Ọ̀rọ̀ yìí wúwo fún àwa tí a wà lájò. Àwọn ọmọ wa jọ ń lọ ilé kéwú kan náà, a sì máa ń fẹ́ kí wọ́n fẹ́ ara wọn. Lẹ́yìn ọdún 25, ta ni yóò rántí ẹni tó mu ọmú ta? Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí Uqbat ọmọ Harith, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà Ànábì (SAW). Ó ti gbé ọmọbìnrin Abu Ihab níyàwó tán kí obìnrin kan tó wá sọ pé òun fún àwọn méjèèjì lọ́mú. Uqbat ní òun kò mọ̀, pé kò sì sọ fún òun rí. Ó gbéra ní Mẹ́kà, ó lọ bá Ànábì ní Mẹ̀dínà. Ànábì bi í pé báwo ni yóò ṣe mú un mọ́ra nígbà tí irú ọ̀rọ̀ báyìí ti jáde. Wọ́n pínyà, obìnrin náà sì fẹ́ ẹlòmíràn. Bukhari ló gbà á wá.

Nítorí náà, ìyá tó bá fún ọmọ ọlọ́mọ lọ́mú, kí ó sọ fún ọkọ rẹ̀ àti òbí ọmọ náà lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n sì kọ orúkọ ọmọ àti déètì sílẹ̀. Bí àwọn Alásàlátù bá lè ní ìwé kan fún un ní mọ́sálásí, yóò dára púpọ̀.

Ìyá mìíràn wà tí títọ́ nìkan ló tọ́ni. Ọmọ tí ẹ mú wá láti ilé, ẹ má yí orúkọ bàbá rẹ̀ padà ní ilé ìwé. Suratu Al-Ahzab, ayah 5, ti sọ èyí. Kì í jogún yín, ṣùgbọ́n ẹ lè kọ ọ́ sínú wàsíyà, bí kò bá ti kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta ohun ìní yín. Bí ọmọ tí ẹ bí bá wà ní kíláàsì, tí èyí tí ẹ mú wá ń kiri omi ní Rumuola, ọ̀gá rẹ̀ ni yín, ẹ kì í ṣe ìyá.

Ànábì wa wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 6 nígbà tí Aminat, ìyá rẹ̀, kú ní Abwa. Umm Ayman, ọmọ ọ̀dọ̀ inú ilé wọn, ló mú un padà sí Mẹ́kà, tó sì ń tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí Ànábì papòdà ní ọdún 632, Abu Bakr sọ fún Umar pé kí àwọn lọ kí Umm Ayman, gẹ́gẹ́ bí Ànábì ti máa ń lọ kí i. Khalifa ni Abu Bakr nígbà náà.