KÁMẸ́RÀ WO NI KÍ ẸGBẸ́ RÀ? Ẹ̀kọ́ lórí DSLR àlòkù àti kámẹ́rà onísúùmù gígùn

Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń bèèrè láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ríra kámẹ́rà fún ẹgbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní kí a ra DSLR tòkunbọ̀, irú èyí tí àwọn afótò máa ń gbé kọ́ ọrùn, tí lẹ́ǹsì iwájú rẹ̀ ṣe é yọ kí a sì fi òmíràn rọ́pò. Àwọn mìíràn ní kí a ra kámẹ́rà onísúùmù gígùn, èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní bridge. Ó jọ DSLR ní ìrísí, ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì rẹ̀ kì í ṣe yíyọ, ó sì lè fa ohun tó wà ní òdìkejì odò wá sí iwájú ẹni.

Owó tí a fẹ́ ná kì í ṣe owó ẹnì kan. Owó ìyá alátà wà níbẹ̀, ti ọlọ́kadà wà níbẹ̀, ti òṣìṣẹ́ ìjọba náà sì wà níbẹ̀. Nítorí náà, kò yẹ kí a rà á nítorí pé ó dára lójú. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò létòlétò.

Ẹ̀KỌ́ KÌÍNÍ: IṢẸ́ TÍ A FẸ́ FI ṢE

Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ́ a kọ́kọ́ wo ilẹ̀ tó fẹ́ ro. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti kámẹ́rà. Ẹ jẹ́ kí a ka iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ ń ṣe láàárín ọdún. Yìgì àti ìsọmọlórúkọ wà, inú ilé tàbí inú gbọ̀ngàn ni wọ́n sì sábà máa ń wáyé. Wólímọ̀ àwọn ọmọ kéwú wà, níbi tí ọmọ yóò ti jókòó pẹ̀lú Kùránì níwájú rẹ̀, tí yóò ka èyí tó ti kọ́ sí etí gbogbo èèyàn. Wáàsí alẹ́ nínú oṣù Ààwẹ̀ wà, tí gílóòbù méjì tàbí mẹ́ta máa ń tànmọ́lẹ̀ fún gbogbo èrò. Ìrun Yídì wà, ìyẹn ní gbangba, nínú oòrùn. Àwọn ọmọ ilé-kéwú náà a máa gun Òkè Patti lọ wo ibi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núè ti pàdé.

Ọ̀rọ̀ omíyalé náà kò ṣe é gbàgbé. Ní ọdún 2012 àti ọdún 2022, omi odò méjèèjì kún dé inú ilé àwọn èèyàn ní Lọ́kọ́jà, ó sì bo ọ̀nà tó lọ sí Abuja. Fótò ibi tí omi dé lára ògiri jẹ́ ẹ̀rí tí a lè fi han ẹni tó bá fẹ́ ran àwọn tó pàdánù nǹkan lọ́wọ́.

Bí ẹ bá wo gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí, ọ̀nà méjì ni wọ́n pín sí. Apá kan jẹ́ ohun tó sún mọ́ wa, ṣùgbọ́n tí ìmọ́lẹ̀ kò tó níbẹ̀. Apá kejì jẹ́ ohun tó jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n tí oòrùn ń ràn sí i. Ìyàtọ̀ kámẹ́rà méjèèjì kò ju èyí lọ. Ẹni tó bá di ọ̀rọ̀ yìí mú ti ní ìdajì ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́.

Ẹ̀KỌ́ KEJÌ: Ọ̀RỌ̀ ÌMỌ́LẸ̀

Nínú kámẹ́rà àtijọ́, fíìmù ló ń gba ìmọ́lẹ̀. Nínú ti òde òní, ohun pẹlẹbẹ kan tí à ń pè ní sẹ́ńsọ̀ ló rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ bá gbé abọ́ ńlá àti ife kékeré sí abẹ́ òjò kan náà, ẹ mọ èyí tí yóò gba omi jù. Bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ rí pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ. Nikon D90 jẹ́ DSLR tó jáde ní ọdún 2008. Sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ gùn tó mìlímítà 23.6, ó sì fẹ̀ tó 15.8. Canon SX50 HS tó jáde ní 2012 àti Nikon P900 tó jáde ní 2015 jẹ́ onísúùmù gígùn. Sẹ́ńsọ̀ tiwọn kò ju mìlímítà 6.2 sí 4.6 lọ. Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀, ti D90 tóbi tó ìlọ́po 13 tiwọn. Ẹ rántí pé D90 ti fi ọdún méje ṣáájú P900.

Bí oòrùn bá wà, ìyàtọ̀ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú, tàbí tí a bá wà nínú gbọ̀ngàn tí iná rẹ̀ ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ọ̀nà méjì péré ni sẹ́ńsọ̀ kékeré ní. Yálà kí ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó ya fótò náà, tí ọwọ́ ọmọ tó ń ṣí ìwé yóò sì di bàìbàì. Tàbí kí ó fi agbára mú fótò náà mọ́lẹ̀, tí ojú ọmọ yóò sì rí hóró-hóró bí ẹni da iyanrìn sí i. Ọmọ kì í ṣe wólímọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Fótò tó bá bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, ó bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iye mẹgapíksẹ́ẹ̀lì tàn yín. P900 ní 16, D90 ní 12.3. Síbẹ̀, nínú òkùnkùn, èyí tó kéré ní iye ló máa ń ṣe dáadáa jù.

Lẹ́ǹsì náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹ óò rí nọ́ḿbà kan lára rẹ̀ tí lẹ́tà f ṣíwájú rẹ̀. Bí nọ́ḿbà yìí bá ṣe kéré tó ni ojú lẹ́ǹsì ṣe lè là tó. Lẹ́ǹsì kékeré kan wà fún DSLR tí wọ́n ń pè ní 50mm f/1.8. Kò wọ́n púpọ̀ láàárín àwọn lẹ́ǹsì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lọ́wọ́ gbogbo afótò. Lẹ́ǹsì ara P900 bẹ̀rẹ̀ láti f/2.8, ṣùgbọ́n bí a bá ti ń fa súùmù ni ojú rẹ̀ ń kéré sí i, títí yóò fi dé f/6.5. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú f/1.8 wọlé tó ìlọ́po 13 èyí tó ń gba ojú f/6.5. Èyí já sí pé ẹni tó jókòó sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, tó ń fa súùmù kí ó lè rí ojú ọmọ, ń dín ìmọ́lẹ̀ kù níbi tí kò ti tó tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ní 50mm kò ní súùmù rárá; ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò fi rìn sún mọ́ iwájú.

Ẹ kíyè sí èyí o. D90 ní mọ́tò nínú tó ń yí lẹ́ǹsì àtijọ́ kí fótò lè mọ́ kedere. Nikon D40 àti D3100 kò ní in. Ẹni tó bá ra irú àwọn wọ̀nyí gbọ́dọ̀ wá lẹ́ǹsì tí wọ́n kọ AF-S sí lára, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọwọ́ ni yóò máa fi yí i.

Ẹ̀KỌ́ KẸTA: Ọ̀RỌ̀ JÍJÌNNÀ

Níbi tí ọ̀nà bá ti jìn, kámẹ́rà onísúùmù gígùn ló ni ìlú. Lẹ́ǹsì P900 bẹ̀rẹ̀ láti 24, ó sì dé 2000; ìlọ́po 83 nìyẹn. Lẹ́ǹsì 18-105 tí wọ́n sábà máa ń tà mọ́ D90 kò tó ìlọ́po 6, bí a bá sì fi ìwọ̀n kan náà wọn méjèèjì, nǹkan bí 157 ló ti máa dúró. Kí DSLR tó lè rí ibi tí P900 ń rí, lẹ́ǹsì tí a óò rà fún un yóò wọ́n ju kámẹ́rà fúnra rẹ̀ lọ, yóò sì wúwo.

Ẹni tó bá dúró lórí Òkè Patti pẹ̀lú onísúùmù gígùn lè rí apẹja nínú ọkọ̀ ojú omi, kí ó sì rí àwọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Yídì, ó lè ya fótò Lèmọ́mù láti ìkangun sàfù láìdí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ní àkókò omíyalé, ó lè dúró sórí ilẹ̀ gbígbẹ kí ó sì ya ilé tó wà láàárín omi. Ẹ̀mí èèyàn ju fótò lọ.

Ṣùgbọ́n súùmù kò lè borí afẹ́fẹ́. Ní ọ̀sán gangan, ooru tó ń gbọ̀n lójú ilẹ̀ àti lójú odò a máa mú kí ohun tó jìnnà rí bí ẹni pé ó ń jó. Nígbà ọyẹ́, eruku a bo gbogbo rẹ̀. Àárọ̀ kùtù, pàápàá lẹ́yìn òjò, ló dára jù. Kí ẹ sì gbé kámẹ́rà lé ògiri tàbí ẹsẹ̀ mẹ́ta, nítorí bí ọwọ́ bá gbọ̀n díẹ̀ báyìí, fótò ọ̀nà jíjìn a gbọ̀n púpọ̀.

Ẹ̀KỌ́ KẸRIN: ÀWỌN OHUN TÍ A MÁA Ń GBÀGBÉ

Fídíò: D90 ń ya fídíò, ṣùgbọ́n nínú èyí tó mọ́ jù, ìṣẹ́jú 5 ni yóò dúró. Wáàsí wo ni ìṣẹ́jú 5 tó? P900 ń ṣe fídíò tó mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Fíláàṣì: D90 ní ibi tí a lè gbé fíláàṣì ńlá lé lórí. P900 kò ní in, èyí tó wà lára rẹ̀ nìkan ló ní. P950 tó jáde ní 2020 ní tirẹ̀.

Eruku: ẹni tó bá ń yọ lẹ́ǹsì DSLR nínú ọyẹ́ ń ṣílẹ̀kùn fún eruku. Inú yàrá ni kí ó ti yọ ọ́.

Fóònù: òótọ́ ni pé fóònù tó dára lóde òní ń ya fótò tó tó fún ohun púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé orí fóònù nìkan ni a ó ti máa wo fótò wa, kí a fi owó náà ṣe nǹkan mìíràn. Àwa ń wá fótò tí a óò tẹ̀ sórí ìwé, tí a óò fi sínú álíbọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ̀KỌ́ KARÙN-ÚN: YÍYẸ ỌJÀ WÒ

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Àlòkù ni a ń bá lò, nítorí náà kí ẹ ṣe nǹkan wọ̀nyí nínú ṣọ́ọ̀bù kí owó tó jáde:

1. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì gba inú lẹ́ǹsì kọjá. Bí ẹ bá rí ohun tó ta bí òwú aláǹtakùn, èèhù ni. Ẹ fi sílẹ̀.

2. Ẹ bèèrè iye ìgbà tí DSLR náà ti ya fótò. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe D90 dán ṣọ́tà rẹ̀ wò dé 100,000. Èyí tó bá ti súnmọ́ iye náà, kí owó rẹ̀ wálẹ̀.

3. Ẹ ya fótò ògiri funfun, kí ẹ sì fẹ̀ ẹ́ lójú. Àmì dúdú tó bá wà lójú kan náà nínú gbogbo fótò, eruku orí sẹ́ńsọ̀ ni.

4. Ti onísúùmù, ẹ tàn án kí ẹ pa á nígbà mẹ́wàá. Ẹ fa súùmù lọ títí dé òpin kí ẹ sì dá a padà. Bí ó bá ń pariwo bí ẹni ń lọ ata, tàbí tó há, mọ́tò rẹ̀ ti ń kú. Lẹ́ǹsì tí kò ṣe é yọ nìyẹn. Bí ó bá bàjẹ́, gbogbo kámẹ́rà ló bàjẹ́.

5. Ẹ wo bátìrì àti ṣájà, kí ẹ sì wádìí bóyá irú rẹ̀ ṣì wà lọ́jà.

Nínú ẹ̀kọ́ fíkìhù, ní abala títà àti rírà, kò tọ́ kí ẹni tó ń tajà bo àbùkù tó mọ̀ mọ́lẹ̀, ẹni tó bá sì ra irú ọjà bẹ́ẹ̀ láìmọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà. Kí ẹ bá oníṣọ́ọ̀bù fohùn sí iye ọjọ́ tí ẹ óò fi dán an wò, kí ẹ kọ ọ́ sínú rìsíìtì. Bí ẹ bá mọ afótò tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́, ẹ mú un dání. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Ẹ̀KỌ́ KẸFÀ: ÀMÀNÀ TÓ WÀ LÁRA SÚÙMÙ

Kámẹ́rà tó ń rí òdìkejì odò lè rí inú àgbàlá aládùúgbò pẹ̀lú. Ohun tí ojú lásán kò gbọdọ̀ wò, kí súùmù má ṣe wò ó. Ní ibi àpéjọ, kí a fún obìnrin kan ní kámẹ́rà fún apá ibi tí àwọn ìyá wa àti àwọn Àlhájà jókòó sí, kí ó sì gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn. Bákan náà, ẹ má ṣe kọ lẹ́ǹsì gígùn sí àwọn sójà tàbí ibi tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò. Àlàyé tí ẹ óò ṣe níbẹ̀ á gùn ju lẹ́ǹsì lọ.

ÌPINNU

Bí a bá ka iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, yìgì, ìsọmọlórúkọ, wólímọ̀ àti wáàsí alẹ́ ló pọ̀ jù. Èèyàn ni gbogbo wọn, wọ́n sún mọ́ wa, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ kò sì pọ̀. Nítorí náà, DSLR àlòkù tó yè kooro, pẹ̀lú 50mm f/1.8, ló yẹ ẹgbẹ́ wa. Ṣùgbọ́n àdéhùn kan wà níbẹ̀: kí a yan ọ̀dọ́kùnrin kan àti ọ̀dọ́bìnrin kan tí yóò kọ́ ọ, kí wọ́n fi oṣù mẹ́ta dánra wò kí ọjọ́ wólímọ̀ tó dé. Bí kò bá sí ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ, onísúùmù gígùn tó ń dá nǹkan ṣe fúnra rẹ̀ sàn ju DSLR tí yóò máa sùn nínú àpótí. Ẹni tó sì ń fi tirẹ̀ ṣiṣẹ́ lójú odò, lóko tàbí nídìí ẹyẹ, kí ó ra onísúùmù láìbojúwẹ̀yìn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ló dé tí D90 fi ń ṣe dáadáa ju P900 lọ nínú gbọ̀ngàn, tó sì jẹ́ pé mẹgapíksẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kéré jù?

2. Ìgbà wo nínú ọjọ́ ló dára jù láti ya odò láti orí Òkè Patti, kí sì ni ìdí rẹ̀?

3. Nínú iṣẹ́ mẹ́wàá tí ìwọ fúnra rẹ fẹ́ fi kámẹ́rà ṣe, mélòó ló sún mọ́ ọ, mélòó ló jìnnà?

Kí ẹ mú ìdáhùn yín wá sí ìpàdé. Kí Ọlọ́hun fi àǹfààní sí ohun tí a bá rà, kí ó sì jẹ́ kí a máa fi ya ohun ayọ̀. Àmín.