Mùdùnmúdùn Inú Egungun

Bí a bá jẹ ẹran tán, a máa ń fọ́ egungun ká lè fa mùdùnmúdùn inú rẹ̀ mu. Ènìyàn náà ní mùdùnmúdùn. Ibẹ̀ ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun tọ̀sán-tòru, bí ilé iṣẹ́ ní Ọba Akran, ní Ìkẹjà, tí òṣìṣẹ́ ń pààrọ̀ ara wọn tí ẹ̀rọ kò sì dákẹ́.

Nígbà mìíràn, iṣẹ́ yìí a dàrú. Ẹ̀jẹ̀ funfun tí kò gbó a máa tú jáde ṣáá, a sì gba àyè mọ́ ẹ̀jẹ̀ gidi lọ́wọ́. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Yóò máa rẹ aláìsàn, ibà kò ní í lọ, èrìgì yóò máa ṣẹ̀jẹ̀. A kì í sábà mọ ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n kẹ́míkà kan wà nínú epo bẹntiróòlù, benzene, tó lè fà á. Ẹ̀yin mẹkáníìkì Agége tí ẹ ń fi bẹntiróòlù fọwọ́, tí ẹ tún ń fẹnu fà á nínú rọ́bà, ẹ gbọ́ o!

Oògùn ni dókítà máa kọ́kọ́ lò. Bí àrùn bá ṣagídí, wọ́n lè fi oògùn líle pa mùdùnmúdùn aláìsàn rẹ́, kí wọ́n gba irúgbìn ẹ̀jẹ̀, èyí tí ẹ̀jẹ̀ tuntun ń hù láti ara rẹ̀, lára ẹlòmíràn fún un. Ọ̀pọ̀ rò pé wọ́n ń la egungun ni. Rárá. Ojú iṣan ni wọ́n ń gbà fà á sára, bí ìgbà tí wọ́n bá ń fa ẹ̀jẹ̀. Irúgbìn náà á wá ọ̀nà dé inú egungun fúnra rẹ̀, á sì hù níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ewu ń bẹ: ẹ̀jẹ̀ àlejò lè gbógun ti onílé.

Ti ẹni gbogbo kọ́ ló ń bá ara mu. Ọmọ ìyá àti bàbá kan náà pàápàá, ẹnì kan nínú mẹ́rin ni. Ní Amẹ́ríkà, nínú 100 aláwọ̀ funfun, nǹkan bí 79 ló ń rí àjèjì tó bá wọn mu pátápátá. Nínú 100 aláwọ̀ dúdú, nǹkan bí 29 péré.

Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ bá Seun Adebiyi, ọmọ Nàìjíríà tó kàwé òfin ní Yale, ní 2009. Ó wá olùtọrẹ irúgbìn ẹ̀jẹ̀ dé Nàìjíríà. Ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ ọmọ tuntun ló padà gbà á là. Ìrìn yẹn ló bí àkọsílẹ̀ olùtọrẹ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ẹnugu ní 2012. Ṣáájú èyí, ní 2011, wọ́n ti fún ọmọ kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS ní irúgbìn ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ní ìlú Benin.

Bí àwọn tó ń wá olùtọrẹ bá dé àdúgbò yín, ẹ kọ orúkọ yín fún wọn. Òwú ni wọ́n á fi nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín. Kò dun ni.