Ohun tí Ẹ̀jẹ̀ Lè Sọ nípa Ọkàn

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa, àgbà àti èwe, àìsàn kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní bipolar. Nígbà tí ó bá gbé ènìyàn sókè, olúwarẹ̀ kì í fẹ́ sùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa sáré, a sì máa náwó ní ìnákúnàá. Nígbà tí ó bá yí padà, ìbànújẹ́ a bò ó mọ́lẹ̀, dídìde lórí ibùsùn a di iṣẹ́ ńlá. Láàárín méjèèjì, ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ fún oṣù tàbí ọdún. Èyí ni ó máa ń tan àwọn ẹbí jẹ.

Àwọn onímọ̀ ń wádìí bóyá ẹ̀jẹ̀ lè fi ipò ọkàn hàn. Wọ́n rí i pé CRP, èròjà tí ẹ̀dọ̀ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ara bá ń bá àrùn jà, a máa pọ̀ sí i, pàápàá nígbà tí àìsàn bá gbé ènìyàn sókè. BDNF, tí ń ran àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ lọ́wọ́ láti dàgbà, a máa dínkù nígbà ìgbésókè àti nígbà ìbànújẹ́. Ṣùgbọ́n ibà tàbí ara sísan lásán lè gbé CRP sókè. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun yóò fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo dá àìsàn yìí mọ̀, ẹ fi owó yín sápò. Dókítà ṣì gbọ́dọ̀ jókòó gbọ́ ìtàn aláìsàn.

Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ gbangba ni ti lithium, iyọ̀ kan tí John Cade, dókítà ará Ọsirélíà, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1949. Oògùn rere ni, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà rẹ̀ tóóró. Mílímóòlù 0.6 sí 1.0 nínú lítà kan ni ọ̀pọ̀ dókítà ń fẹ́, wákàtí 12 lẹ́yìn tí a lo ó ni a sì ń fa ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá kọjá 1.5, májèlé ni ó ń dà. Kíndìnrín ni ó ń gbé e jáde. Bí omi àti iyọ̀ bá dínkù lára, kíndìnrín a dá a padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru lè fa èyí. Ààwẹ̀ náà lè fà á.

Ààwẹ̀ yìí ni ó mú mi kọ̀wé. Ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn, mo fi ọ̀dọ́mọkùnrin akọrin kan sínú ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta láìmu omi, n kò sì béèrè oògùn tí ó ń lò. Ní ọjọ́ kẹta, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Mo ní ìjà ẹ̀mí ni. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, sà, ọsibítù ni mo ń gbé ọmọ mi lọ.” Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ó fi hàn pé lithium ti pọ̀ jù lára rẹ̀. Ó yè. Ní tòótọ́, wọn kò kọ́ wa nípa kíndìnrín ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà. Ṣùgbọ́n ta ni ó ní kí n má béèrè?

Láti ìgbà náà, kí n tó gbàdúrà fún ẹni tí ó fẹ́ gbààwẹ̀, mo kọ́kọ́ ń bi í ní oògùn tí ó ń lò. Bí ó bá dárúkọ lithium, mo ní kí ó lọ rí dókítà rẹ̀ ná, kí ó má sì dá oògùn náà dúró fúnra rẹ̀.