"A Dúpẹ́" Kì í Ṣe Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Ẹ̀yin Nọ́ọ̀sì Tí Ẹ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Gòkè Bọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin aláṣọ funfun tí ẹ ń pa oorun ojú yín tì láti ṣọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ìyá, tí ẹ kì í ṣe ìyekan, síbẹ̀ tí ẹ ń wẹ aláìsàn bí ẹni ń wẹ ọmọ àbíkẹ́yìn, mo kí yín kú iṣẹ́, mo sì kí yín kú àìsùn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nígbà tí ó sì jẹ́ pé inú iṣẹ́ yìí ni mo ti hu ewú, kò yẹ kí n panu mọ́ kí ẹ máa já sí kòtò tí èmi ti já sí rí. Abẹ́rẹ́ gígún, ọgbẹ́ wíwẹ̀ àti ìfúnpá wíwọ̀n, ilé-ẹ̀kọ́ ti kọ́ yín. Ọ̀rọ̀ àjọsọ láàárín nọ́ọ̀sì àti aláìsàn, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ohun kékeré, ni mo fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́.

Ní òru ọjọ́ kan, nígbà tí èmi náà wà ní ọ̀dọ́, mo ń ti ìdí ibùsùn kan bọ́ sí òmíràn ní wọ́ọ̀dù àwọn abiyamọ, mo ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "Ìyá ìkókó, ara ńkọ́?" Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó bí àkọ́bí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "A dúpẹ́, mà," mo sì kọ ọ́ sínú ìwé pé àlàáfíà ni ó wà. Kò pẹ́ tí sístà àgbà tí ó ni wọ́ọ̀dù fi dé. Kò bi í ní ara ńkọ́, ó jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó rí i pé ọwọ́ náà tutù bí omi àmù, ó sì rọra bi í pé, "Aṣọ ìdí rẹ ńkọ́? Mélòó ni o ti pààrọ̀ láti ìgbà tí o ti bímọ?" Omijé bọ́ lójú ọmọ náà. Ó ní aṣọ náà ti rin gbindin, ṣùgbọ́n ojú ń ti òun, òun kò sì fẹ́ yọ sístà lẹ́nu. Nígbà tí a ṣí aṣọ ìbora, ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn dé ẹsẹ̀ ibùsùn. A pe dókítà, a fi ọwọ́ ra ikùn rẹ̀ kí ilé-ọmọ lè sún kì, a gún un ní abẹ́rẹ́, a fa omi sí i lára, Ọlọ́run sì dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ti kọjá 500 mílílítà lẹ́yìn ìbímọ, ewu ti dé, àti pé láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́ ni ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Èmi náà mọ̀ ọ́n lóru ọjọ́ yẹn. Ìmọ̀ náà wà lórí mi, ṣùgbọ́n etí mi kò ṣiṣẹ́.

Ọmọ náà kò purọ́ fún mi. Ìkíni ni mo kí i, ìkíni ni ó sì jẹ́, nítorí nínú àṣà wa, ẹni tí a kí kì í di ẹrù ìṣòro rẹ̀ lé oníkìíni lórí. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ kí aláìsàn bí ó ti tọ́, kí ẹ tó wá bi í ní ìbéèrè tí "a dúpẹ́" kò lè dí: "Ibo gan-an ni ó ń dùn yín? Ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó ń gún yín ni, àbí ó ń ta yín, àbí ó ń ro yín?" Bí ó bá ní inú ń run òun, ẹ ní kí ó fi ọwọ́ kan ibẹ̀, nítorí inú Yorùbá gbòòrò: ikùn wà níbẹ̀, ilé-ọmọ wà níbẹ̀, ìbànújẹ́ náà sì ń gbé ibẹ̀. Kí ẹ sì máa wo ojú rẹ̀ bí ó ti ń fọhùn, torí ojú lọ̀rọ̀ wà.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n níbi tí a ti ń fún ènìyàn ní oògùn, odindi ni kí ẹ sọ. Bí ẹ bá ní, "Ẹ lò ó ní méjì-méjì lẹ́ẹ̀mẹ́ta," tí ẹ sì yíjú padà, kí ni yóò dá ìyá arúgbó dúró tí ó bá da mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà? Ẹ ka oògùn náà sí i lọ́wọ́: méjì bí ilẹ̀ bá mọ́, méjì bí oòrùn bá kan àtàrí, méjì bí ó bá fẹ́ sùn. Ẹ má sì bi í bóyá ó yé e, nítorí àgbàlagbà yóò ní ó yé òun kí ó má ba à tẹ́ lójú ọmọdé. Ẹ ní, "Màmá, bí wọ́n bá bi yín nílé pé báwo ni ẹ ó ṣe lò ó, kí ni ẹ ó wí? Mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa ni." Ọ̀rọ̀ náà á wá di ẹrù tiyín, ìtìjú á kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹ má ṣe pe ìyá ọlọ́mọ ní "bẹ́ẹ̀dì kẹfà". Ẹ má sì ṣe dúró sí ẹ̀gbẹ́ aláìsàn kí ẹ máa sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí ara yín létí, nítorí yóò rò pé ikú òun ni ẹ ń sọ. Florence Nightingale ti kìlọ̀ lórí èyí nínú ìwé rẹ̀ ní 1859. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó dá sílẹ̀ ní ọsibítù St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1860 ni Kofoworola Abẹ̀ní Pratt wọ̀ ní 1946, kí ó tó padà wálé wá di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ mátírọ́ọ̀nù ní UCH, Ìbàdàn. Ẹ̀kọ́ àtọwọ́dọ́wọ́ ni mo ń fi lé yín lọ́wọ́.

Mo mọ̀ pé aláìsàn pọ̀, nọ́ọ̀sì kò tó, ẹsẹ̀ á sì ti máa ro yín kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ìgbà tí sístà àgbà yẹn fi jókòó ti ọ̀dọ́mọbìnrin náà kò ju èyí tí a fi ń mu ife omi kan lọ. Nítorí náà, lóru òní, bí ẹ bá dé ìdí ibùsùn tí ó gbẹ̀yìn, tí aláìsàn sì ní "a dúpẹ́", ẹ má ì tí ì kọ ohunkóhun sínú ìwé. Ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí ẹ sì tún un bi.