ÀPÓTÍ ÌMỌ̀: Ọmọńlé Onírù-Ewé ti Madagásíkà

Orúkọ sáyẹ́ǹsì: Uroplatus fimbriatus
Ibùgbé: igbó òjò ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ ní ìlà-oòrùn Madagásíkà, àti erékùṣù Nosy Mangabe
Gígùn: ó lè tó 30 sẹ̀ǹtímítà láti orí dé ìrù
Oúnjẹ: kòkòrò
Ẹyin: méjì-méjì ló sábà máa ń yé

Ọmọńlé tó ń sá kiri lára ògiri ilé wa kéré púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Lọ́sàn-án, ṣe ni onírù-ewé yìí máa ń dorí kodò, tí yóò lẹ̀ mọ́ ìtì igi típẹ́típẹ́. Àwọ̀ rẹ̀ jọ ti èèpo igi. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ṣe wajawaja sì wà létí àgbọ̀n àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó bá ti tẹ awọ yìí mọ́ igi, òjìji tí ìbá tú u fó kò ní hàn mọ́. Ẹyẹ á fò kọjá láìfura. Bí ọ̀tá bá ká a mọ́, yóò gbé ìrù rẹ̀ pẹlẹbẹ sókè, yóò sì la ẹnu gbàgà, kí pupa inú ẹnu náà lè dẹ́rù ba ọ̀tá.

Òru ló ń ṣọdẹ. Kò ní ìpéǹpéjú tó ṣeé pa dé, nítorí náà ahọ́n ló fi ń nu ojú. Irun tín-ín-tín tó wà lábẹ́ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ojú lásán kò lè rí, ni kì í jẹ́ kó já bọ́.

Igbó tí wọ́n ń pa run àti bí wọ́n ṣe ń mú un tà fún àwọn tó fẹ́ fi í ṣe ohun ọ̀sìn nínú ilé ló ń fi í sínú ewu. Láti 2005, CITES, àdéhùn àgbáyé tó ń darí òwò ẹranko àti ewéko igbó, kò gbà kí wọ́n kó o tà sókè òkun láìgba ìwé àṣẹ.